Àfojúsùn Wa Àti Ẹ̀tọ́ Àwọn Tí Ó Sún Mọ́ Wa
(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọ̀dọ́ sọ lẹ́yìn ìrun Aláásáárì)

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bá mi ní mọ́sálásí. Ó mú ìwé ìgbàwọlé ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ìlú Ọba dání, ó ní kí n ṣe àdúà fún òun. Mo bá a yọ̀. Mo wá bi í pé, "Ìyàwó rẹ ńkọ́?" Ó dákẹ́. Ọmọ wọn kò tíì pé oṣù méje nígbà náà. Ó ní, "Àáfà, bí mo bá ti débẹ̀, ohun gbogbo yóò tò."

Bẹ́ẹ̀ òun náà mọ̀ pé láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024, ìjọba Ìlú Ọba kò gba ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè láyè láti mú aya, ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́, àfi àwọn tí ń ṣe ẹ̀kọ́ ìwádìí ìjìnlẹ̀. Nínú oṣù kẹta ọdún yẹn kan náà ni wọ́n ti ilẹ̀kùn yìí mọ́ àwọn tí ń lọ ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó. Báwo ni yóò ṣe wá tò?

N kò sọ pé ìrìn-àjò burú o. Àwọn oníṣòwò àti àwọn onímọ̀ tí ó rìnrìn-àjò ni Ọlọ́hun fi gbé Ìsìláàmù dé ilẹ̀ Yorùbá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ Salman àti Abu Darda, àwọn méjì tí Ànábì sọ di arákùnrin ara wọn ní Mọdínà. Salman lọ kí Abu Darda nílé, ó bá ìyàwó rẹ̀ nínú aṣọ gbígbó. Ó bèèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Obìnrin náà ní ọkọ òun kò ní ohunkóhun í fi ayé ṣe mọ́. Nígbà tí Abu Darda dé, ó gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún àlejò, ó ní òun ń gba aáwẹ̀. Salman ní bí kò bá jẹ, òun náà kò ní jẹ. Ó jẹun. Ní òru ó dìde láti kírun, Salman ní kí ó sùn. Ó tún dìde, ó tún ní kí ó sùn. Ìgbà tí ó di ìparí òru ni àwọn méjèèjì jùmọ̀ dìde. Salman wá sọ fún un pé Ọlọ́hun ní ẹ̀tọ́ lára rẹ̀, ara rẹ̀ ní ẹ̀tọ́, ará ilé rẹ̀ náà ní ẹ̀tọ́, kí ó fún olúkúlùkù ní tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Ànábì, ó sì fi ọwọ́ sí i pé òdodo ni Salman sọ.

Ẹ kíyè sí i pé ìjọsìn gan-an ni àfojúsùn Abu Darda. Síbẹ̀, aṣọ ìyàwó rẹ̀ ni ó jẹ́rìí takò ó. Bí ìrun òru kò bá lè bo ẹ̀tọ́ aya mọ́lẹ̀, ṣé ìwé-ẹ̀rí ni yóò bò ó, tàbí owó pọ́n-ùn?

Àwọn onímọ̀ tún gbà wá wí pé Umar gbọ́ ohùn obìnrin kan ní òru, tí ó ń dárò ọkọ rẹ̀ tí ó pẹ́ lójú ogun. Ó lọ bi Hafsah ọmọ rẹ̀ léèrè iye ìgbà tí obìnrin lè fara dà á. Hafsah ní oṣù mẹ́rin. Ẹ̀gbàwá mìíràn ní mẹ́fà. Umar sì pàṣẹ pé kí a má ṣe dá àwọn jagunjagun dúró kọjá ìgbà náà. Ojú ogun ẹ̀sìn ni wọ́n wà o!

Ẹnìkan yóò ní, "Àáfà, ebi ń pa wá nílé." Òótọ́ ni, wíwá hàláálì fún ará ilé ẹni ìjọsìn ni pẹ̀lú. Ohun tí mo ń bèèrè ni pé, ṣé o bá a gbìmọ̀, àbí ńṣe ni o kàn sọ fún un? Ẹ̀yin ọmọbìnrin wa náà, bí ẹ bá fẹ́ kàwé tàbí ṣiṣẹ́, ẹ sọ ọ́ kí a tó so yìgì. Ànábì jẹ́ kí a mọ̀ pé àdéhùn yìgì ni àdéhùn tí ó tọ́ jù lọ láti mú ṣẹ.

Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí pàápàá jẹ̀bi. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, ìwé Lárúbáwá gbà mí lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi délé fún ọdún kan àti ààbọ̀. Nígbà tí mo délé, ìyá mi bi mí bóyá ìwé tí mo ń kà kì í ní ibi tí a ti í pa á dé. Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà. N kò lè rẹ́rìn-ín sí i mọ́.

Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, òun àti ìyàwó rẹ̀, ọmọ wà lẹ́yìn. Wọ́n ti dá oṣù tí yóò padà, wọ́n ti ṣírò owó oúnjẹ àti ti ilé, wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, èmi sì ṣe ẹlẹ́rìí. Nígbà náà ni mo ṣe àdúà tí ó wá gbà. Ìyàwó rẹ̀ ni ó ṣe àmín tí ó ròkè jù.