Ohun Tí Ó Wọ̀ Yàtọ̀ Sí Ohun Tí Ó Yẹ

Ẹ ti lè ka ìwé báyìí, ẹ sì ti lè ka nọ́ḿbà. Lálẹ́ òní, a fẹ́ fi ìwé kíkà náà ṣe iṣẹ́. Àwọn kan nínú yín fẹ́ràn àwo orin àtijọ́, wọ́n sì fẹ́ fi ọwọ́ ara wọn to anpilifáyà onífáàfù tí wọn yóò máa fi gbọ́ ọ. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n fáàfù kan wà nínú rẹ̀ tí a kò gbọdọ̀ fi ojú lásán yàn.

Kí ni iṣẹ́ fáàfù yìí? Iná tí ó ń wọ ilé wa, lílọ-bíbọ̀ ni. Kí a tó ṣẹ́jú, ó ti lọ, ó ti bọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ìgbà 50 ni láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni iná tí anpilifáyà ń fẹ́ máa ń gbà. Nítorí náà a fi oníbodè kan sí ẹnu ọ̀nà. Ó ń jẹ́ kí iná kọjá, kì í jẹ́ kí ó padà. Òun ni àwọn oníṣẹ́ rédíò ń pè ní rẹkitifáyà. John Ambrose Fleming, ọ̀mọ̀wé ará England, ni ó ṣe irú rẹ̀ ní 1904.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ojú wa rí. Nígbà kan, fáàfù 5Y3 inú anpilifáyà wa kú. A wá irú rẹ̀ títí, a kò rí. Ẹnì kan fún wa ní 5U4G. Ihò kan náà ni àwọn méjèèjì ń wọ̀. A tì í bọ̀ ọ́, ó wọ̀ ṣinṣin. Orin dún, inú wa dùn. Kò pẹ́ tí òórùn fi gba ilé, èéfín sì yọ lára tíránsífọ́mà. Ó jóná! Kí ló dé? 5Y3 ń gba áńpíà 2 láti mú ara rẹ̀ gbóná. 5U4G ń gba 3. Tíránsífọ́mà wa kò lè gbé ju 2 lọ. Àwa tí a ti kọ́ ọmọ ní ìwé fún ọdún púpọ̀, a kò ka ìwé fáàfù! Ohun tí ó wọ̀ yàtọ̀ sí ohun tí ó yẹ.

Nítorí náà, kí ẹ tó ra fáàfù, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́rin yìí.

1. Iná mélòó ni anpilifáyà yóò máa gbà? Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ká ní fáàfù EL84 méjì ni a lò, ọ̀kan fún ọ̀tún, ọ̀kan fún òsì, pẹ̀lú ECC83 kan. EL84 kan lè gba nǹkan bí mílíáńpíà 54. Méjì jẹ́ 108. ECC83 gba nǹkan bí 3. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 111. EZ80 kò lè gbé ju 90 lọ. Ẹrù yìí yóò pa á. EZ81 lè gbé 150. EZ81 ni kí a rà.

2. Ṣé tíránsífọ́mà lè mú un gbóná? Ní fólítì 6.3, EZ81 ń gba áńpíà 1. EL84 kọ̀ọ̀kan ń gba 0.76, ECC83 ń gba 0.3. Ẹ rò ó pọ̀: 2.82. Kí tíránsífọ́mà náà lè gbé 3, ó kéré tán. Ní ti 5Y3, 5U4G àti GZ34, fólítì 5 ni wọ́n ń fẹ́, wáyà tiwọn sì gbọ́dọ̀ dá wà lọ́tọ̀.

3. Fólítì mélòó ni oníbodè yóò gbà ní owó ibodè? 5Y3 ń gba nǹkan bí 60 nígbà tí ẹrù rẹ̀ bá kún. GZ34 kì í gbà tó 20. Bí ẹ bá fi GZ34 rọ́pò 5Y3, fólítì yóò ga sí i, ó sì lè ba àwọn fáàfù yòókù jẹ́.

4. Báwo ni kapásítọ̀ àkọ́kọ́ ṣe tóbi tó? Òun ni ìkòkò tí ó ń gba iná láti ọwọ́ oníbodè. Fún EZ81, kí ó má ju máíkírófáràdì 50 lọ. Fún GZ34, kí ó má ju 60 lọ. Bí ìkòkò bá tóbi jù, oníbodè yóò fi ẹ̀mí ara rẹ̀ pọn ọ́n kún.

Ní ti ẹ̀mí, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Iná inú anpilifáyà yìí lè ju fólítì 300 lọ. Ó ń pa ènìyàn. Bí ẹ bá tilẹ̀ ti pa á, kapásítọ̀ ṣì lè fi iná pamọ́ sínú. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára ògiri. Ẹ fi résísítọ̀ fa iná inú kapásítọ̀ tán, kí ẹ sì fi mítà wò ó títí yóò fi dé òdo. Ẹ má fi ọwọ́ méjèèjì sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má dá a ṣe nínú ilé tí kò sí ẹlòmíràn. Ẹ má gbàgbé fíúsì. Ẹni tí kò tíì ṣe é rí, kí ó jókòó ti ẹni tí ó mọ̀ ọ́n.

Wọ́n ṣì ń ṣe EZ81 àti GZ34 tuntun títí di òní. Nọ́ḿbà rẹ̀ wà lára ìgò, ìwé rẹ̀ sì wà fún ẹni tí ó bá lè kà á. Ẹ ti lè kà á. Ẹ máa kà á.

Ìbéèrè fún ilé: Anpilifáyà kan ní EL84 kan àti ECC83 kan. Ṣé EZ80 yóò tó o? Ẹ kọ ìṣirò rẹ̀ sínú ìwé yín, kí ẹ mú un wá bí a bá tún padé.