Vijay Singh, Káàdì Gọ́ọ̀fù, àti Ìwé Owó Ẹgbẹ́ Wa

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní Adó-Èkìtì, ṣáájú ìpàdé ńlá ọdún

Inú wa dùn pé ìpàdé kún lónìí. A sì mọ ohun tí ó mú kí àga má tó: ọ̀rọ̀ agbowó wa àtijọ́ ni, ẹni tí ó kọ̀wé sí wa pé òun fẹ́ padà sínú ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ náà yóò dé iwájú yín ní ìpàdé ńlá ọdún. Ìgbìmọ̀ ní kí a kọ́kọ́ bá yín sọ̀rọ̀ díẹ̀, kí ọkàn lè rọlẹ̀ kí ẹ tó dìbò.

A kò fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí tiwa, nítorí ọ̀rọ̀ ilé ẹni a máa tètè mú ojú pọ́n. Ìtàn ọkùnrin kan tí ó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun ni a ó sọ. Kò bá ẹnikẹ́ni nínú wa tan. Ṣùgbọ́n ó gba Èkó kọjá kí ó tó di ẹni ńlá, ohun tí ojú rẹ̀ sì rí jọ ohun tí ó wà níwájú wa yìí. Orúkọ rẹ̀ ni Vijay Singh.

Púpọ̀ nínú wa kò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ pápá gọ́ọ̀fù rí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé eré náà. Bọ́ọ̀lù funfun kékeré kan ni, kò tó ẹyin adìyẹ. Ọ̀pá ni a fi ń gbá a, títí yóò fi bọ́ sínú ihò tí ó wà lọ́nà jíjìn. Ihò 18 ni a ó gbá a dé. Ẹni tí ó bá gbá bọ́ọ̀lù níwọ̀n ìgbà tí ó kéré jù lọ ni ó borí. Ìdíje ńláńlá a máa gba ọjọ́ mẹ́rin.

Ohun tí ó kàn wá nínú eré náà ni bí wọ́n ṣe ń ka iye. Bí ẹni méjì bá ń ta ayò lábẹ́ igi, ojú òǹwòran wà lára ọpọ́n. Ní pápá gọ́ọ̀fù, ilẹ̀ fẹ̀, àwọn eléré sì fọ́n káàkiri, adájọ́ kò lè tẹ̀ lé olúkúlùkù wọn lẹ́yìn. Nítorí náà, káàdì ni wọ́n gbára lé. Ẹni tí ẹ jọ ń gbá a ni yóò máa kọ iye tìrẹ sílẹ̀. Nígbà tí eré bá parí, ìwọ yóò yẹ̀ ẹ́ wò, òun yóò buwọ́ lù ú, ìwọ náà yóò buwọ́ lù ú, ẹ ó sì fi í lé àwọn alákòóso lọ́wọ́. Bí iye tí o buwọ́ lù bá kéré ju iye tí o gbá lọ, wọ́n ó lé ọ kúrò nínú ìdíje náà. Bí ó bá pọ̀ jù ú lọ, o ti gbà á nìyẹn, wọn kò ní bá ọ dín in. Ẹ̀yin tí ẹ ń san owó oṣù, tí ẹ ń gba káàdì yín padà lọ́wọ́ akọ̀wé, ṣé ẹ ti rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti ń sún mọ́ ilé?

Ní 1963 ni wọ́n bí Vijay Singh ní Lautoka, ní erékùṣù Fíjì, láàárín òkun Pàsífíìkì. Ìran Íńdíà ni ìdílé rẹ̀. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ní èdè wọn ni Ìṣẹ́gun. Òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ni bàbá rẹ̀, òun ni ó sì kọ́ ọmọ náà ní gọ́ọ̀fù. Wọn kì í ṣe olówó. Ní 1982 ó sọ eré náà di iṣẹ́ òòjọ́. Ní 1984, nígbà tí ó di ọmọ ọdún 21, ó gba ìdíje àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ilẹ̀ Malaysia. Gbogbo ènìyàn rò pé ọ̀nà ti là fún un.

Ní 1985 ni ọ̀ràn dé. Níbi ìdíje kan ní ilẹ̀ Indonesia, wọ́n fi ẹ̀sùn kàn án pé ó dín ẹyọ kan kù lára iye tí ó wà lórí káàdì rẹ̀, kí ó bàa lè wà lára àwọn tí yóò bá ìdíje lọ sí ọjọ́ kẹta. Ẹyọ kan péré! Àwọn tí ń ṣe àkóso ìdíje ní Éṣíà lé e kúrò láàárín wọn. Singh ní òun kò ṣe èrú, ó ní àṣìgbọ́yé ni. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì ń wí láti ìgbà náà wá. Àwa kò sí níbẹ̀, a kò sì lè ṣe adájọ́ ọ̀ràn náà. Ohun tí a mọ̀ ni pé orúkọ rẹ̀ bàjẹ́, oúnjẹ sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí kò ju ọmọ ọdún 22 lọ.

Kí ni ọmọkùnrin náà ṣe? Ó lọ sí Keningau, ìlú kan láàárín igbó ní erékùṣù Borneo, ní apá ilẹ̀ Malaysia. Ibẹ̀ ni ó ti gba iṣẹ́ olùkọ́ gọ́ọ̀fù. Ó ń kọ́ ènìyàn gba owó táṣẹ́rẹ́. Nígbà tí iṣẹ́ bá tán, yóò dúró nínú oòrùn, yóò máa gbá bọ́ọ̀lù títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi le. Kò sí òǹwòran, kò sí ẹ̀bùn. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Singh wo ẹ̀yìn, ó rí ohun tí ó gbé e ṣubú, ó sì tún wo iwájú. Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn ti mọ̀ ọ́n bí ẹni tí í kọ́kọ́ dé pápá, tí í sì í kẹ́yìn kúrò níbẹ̀.

Ó gbìyànjú láti wọ ẹgbẹ́ àwọn agbá-gọ́ọ̀fù ilẹ̀ Yúróòpù. Ó kùnà nínú ìdánwò wọn. Ó wá kọrí sí Áfíríkà. Ní àkókò náà, ìdíje kan wà tí wọ́n ń pè ní Safari, tí í máa ń lọ láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè: Nàìjíríà, Kenya, Zambia, Zimbabwe àti Ivory Coast. Ti Nàìjíríà, Èkó ni. Ẹ má ṣe fojú kékeré wo ìdíje Èkó yẹn. Sandy Lyle, ọmọ ilẹ̀ Sìkọ́tíláǹdì, gbà á ní 1978. Ní ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, 1988, òun ni ó di ará Bìrìtìkó àkọ́kọ́ tí ó gba ìdíje Masters ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1988 yìí kan náà ni Vijay Singh gba ti Nàìjíríà. Àwọn tí ó gbà á láyè ní Èkó kò sọ pé ọ̀ràn Indonesia kò ṣẹlẹ̀ rí. Wọ́n fún un ní káàdì, wọ́n fi ẹlòmíràn tì í láti máa kọ ọ́, wọ́n sì jẹ́ kí ó gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀.

Láti Èkó ni ọ̀nà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbòòrò. Ó padà lọ ṣe ìdánwò Yúróòpù, ó yege. Ní 1989 ó gba ìdíje kan ní Ítálì. Ní 1993 ó dé Amẹ́ríkà, wọ́n sì yàn án ní ẹni tuntun tí ó ta yọ jù lọ lọ́dún náà. Ó gba ìdíje PGA ní 1998, ó gba Masters ní 2000, ó sì tún gba PGA ní 2004. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2004 yẹn, ó gba ipò kìn-ín-ní lágbàáyé lọ́wọ́ Tiger Woods, ẹni tí ó ti jókòó sórí rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 264 láìdìde. Ìdíje mẹ́sàn-án ni ó gbà lọ́dún kan ṣoṣo náà, owó tí ó sì rí lé ní mílíọ̀nù 10 dọ́là. Kò sí agbá-gọ́ọ̀fù tí ó rí irú rẹ̀ rí lọ́dún kan ṣáájú rẹ̀. Nínú ìdíje 34 tí ó gbà nínú ẹgbẹ́ àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ Amẹ́ríkà, 22 ni ó gbà lẹ́yìn tí ó ti pé ọmọ 40 ọdún. Ní 2006 wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn akọni gọ́ọ̀fù àgbáyé.

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí a wá padà sí ilé.

Gbogbo yín mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí olùyẹ̀wé-owó-wò dé, káàdì ọmọ ẹgbẹ́ 11 kò bá ìwé ńlá mu. Owó tí ó wà lórí káàdì pọ̀ ju èyí tí ó wọ inú ìwé lọ. Agbowó wa ní òun kò jẹ owó ẹnikẹ́ni. Ó ní òun a máa kọ orúkọ sórí tákàdá nígbà tí òun bá ń gba owó láti oko dé oko, pé nígbà tí òun ń dà á kọ sínú ìwé ní alẹ́ ni àwọn kan fò. Àwọn kan gbà á gbọ́. Àwọn púpọ̀ kò gbà á. A ní kí ó lọ jókòó sílé. Kò bá wa jà. Ó padà sí ìdí kòkó rẹ̀, ó sì ti ń dá owó náà padà díẹ̀díẹ̀. Ó ku díẹ̀ kí ó parí. Ó ní kì í ṣe pé òun jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n kí ìyá arúgbó kankan má baà sunkún nítorí òun. Nísinsìnyí, ó fẹ́ padà wá. Kò béèrè ipò. Ó ní kí a jẹ́ kí òun tún máa dá owó pẹ̀lú yín.

Ohun kan wà tí a kò tíì sọ fún yín ní gbangba, àwa ìgbìmọ̀. Òfin wa ní kí a máa ka káàdì sókè ní ìpàdé oṣooṣù, kí akọ̀wé sì máa fi ìwé ńlá wé e. Fún oṣù mẹ́jọ gbáko, a kò ṣe é. Òjò wà níbẹ̀, ìsìnkú wà níbẹ̀, ojú sì ń kán wa láti lọ sílé. Bí a bá ti kà á ní oṣù kìn-ín-ní, bí ó bá jẹ́ àṣìṣe, a bá ti tún un ṣe kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ó bá jẹ́ olè ni, a bá ti mú un pẹ̀lú ẹ̀rí. Ní báyìí, a kò lè dá a lẹ́bi, a kò sì lè dá a láre. Ẹ̀bi tiwa nìyẹn, a sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín.

Nígbà tí àwọn bàbá wa ń dá ẹgbẹ́ kòkó sílẹ̀, lẹ́yìn tí òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù jáde ní 1935, òṣùwọ̀n èké àwọn oníṣòwò wà lára ohun tí wọ́n ń sá fún. Wọ́n fẹ́ òṣùwọ̀n tí gbogbo ojú lè rí. Ìwé owó ni òṣùwọ̀n tiwa. Ìwé tí a tọ́jú dáadáa a máa tú àṣírí olè, a sì máa jẹ́rìí fún aláìṣẹ̀. Èyí tí a kò tọ́jú kò lè ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Ohun mẹ́ta ni ìgbìmọ̀ fẹ́ gbé síwájú yín. Èkíní, láti oṣù tí ó ń bọ̀, ẹni tí ó gba owó kọ́ ni yóò kọ ọ́ sínú ìwé ńlá. Ọwọ́ méjì ni yóò máa buwọ́ lù ú, a ó sì ka káàdì sókè kí ẹnikẹ́ni tó dìde, ìbáà ṣe òjò, ìbáà ṣe oòrùn. Èkejì, ìjìyà tí ẹgbẹ́ bá fún ọmọ ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ ní iye ọjọ́, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún ni a ó fi fà á mọ́ra. Ẹni tí a kàn ní kí ó lọ, tí a kò sọ ọjọ́ àbọ̀ rẹ̀, a ti sọ ọ́ nù nìyẹn.

Ẹ̀kẹta ni ti agbowó wa. Èrò wa ni pé kí ẹ jẹ́ kí ó padà nígbà tí ó bá san owó náà tán, gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́ lásán. Kò ní fọwọ́ kan owó ẹlòmíràn. Fún ọdún kan, kò ní yá owó, kò sì ní ṣe onígbọ̀wọ́ fún ẹnikẹ́ni. Kí ó dá tirẹ̀ lóṣooṣù, kí a máa kà á sókè pẹ̀lú ti gbogbo wa. Ẹ rántí pé wọn kò gbé ipò kìn-ín-ní fún Singh ní ọjọ́ tí ó dé Èkó. Káàdì kan ṣoṣo ni wọ́n fún un. Ọdún 16 ni ó fi kọ iye rẹ̀ sórí káàdì lẹ́yìn káàdì, ọwọ́ ẹlòmíràn sì wà lórí gbogbo wọn, kí ó tó dé orí àga náà.

A mọ̀ pé àwọn kan wà nínú yín tí owó wọn wà nínú ohun tí ó sọnù. Ìbínú wọn tọ́. A kò ní kí ẹ gbàgbé. Ẹni tí ó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n àwa náà jìn sí kòtò yẹn pẹ̀lú rẹ̀, kì í ṣe òun nìkan.

Èrò ìgbìmọ̀ ni a ti sọ yìí. Ọwọ́ yín ni ìpinnu wà. Ẹ lọ bá ara yín jíròrò nílé àti lóko, kí olúkúlùkù sì mú káàdì rẹ̀ lọ́wọ́ wá sí ìpàdé ńlá, nítorí kí ìdìbò tó bẹ̀rẹ̀, a ó kọ́kọ́ kà wọ́n sókè, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹgbẹ́ wa kò ní túká.