Ta Ni Ó Ni Ìwé Ìṣirò? Ẹ̀kọ́ Láti Ọ̀dọ̀ Àwọn Òṣìṣẹ́ Orí Pápá

(Ọ̀rọ̀ tí aṣojú òṣìṣẹ́ kan bá wa sọ ní ìpàdé ẹ̀ka)

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí àwọn ọ̀gá ṣe ń fi ìṣirò kọ̀ǹpútà díye lé òṣìṣẹ́. N kò ní ti ibi iṣẹ́ wa bẹ̀rẹ̀. Orí pápá ìṣeré kan ni mo fẹ́ mú yín lọ, nítorí ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré.

Eré náà ni rugby league. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ kì í ṣe róbótó, ó gùn bí ẹyin. Ènìyàn 13 ni ó wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé bọ́ọ̀lù sáré. Àwọn tí ó dojú kọ wọ́n á dì mọ́ ẹni tí ó gbé e, wọn á gbé e ṣánlẹ̀. Eré agbára ni. Àwọn ọmọ Nàìjíríà náà ń gbá a. Green Falcons wa gba ife ìdíje Áfíríkà àti Àárín Gbùngbùn Ìlà Oòrùn ní Èkó ní 2019.

Ẹ gbọ́ ìdí tí ó fi kàn wá. Ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ ni ó bí eré yìí. Ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́, àwọn awakùsà èédú àti òṣìṣẹ́ ilé ìhunṣọ wà lára àwọn tí ń gbá rugby. Ẹni tí ó bá fi iṣẹ́ Sátidé sílẹ̀ lọ gbá bọ́ọ̀lù, owó ọjọ́ náà ti bọ́. Wọ́n ní kí ẹgbẹ́ máa dí àdánù yẹn fún wọn. Àwọn ọlọ́lá tí ń darí eré ní rárá. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ 1895, àwọn ẹgbẹ́ àríwá pàdé ní George Hotel ní ìlú Huddersfield, wọ́n sì ya kúrò. Bí rugby league ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní 1908, ìdíje tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Sydney ní ilẹ̀ Ọsirélíà.

Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí òṣìṣẹ́ bá dá sílẹ̀ pàápàá lè di ọ̀gá lé òṣìṣẹ́ lórí. Dennis Tutty ń gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ Balmain ní Sydney. Ó fẹ́ lọ sí ibòmíràn, wọn kò yọ̀ǹda rẹ̀. Ó jókòó sílé ní gbogbo sáà 1969, kò gbá bọ́ọ̀lù. Ó gbé ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Ọsirélíà, ilé ẹjọ́ sì dá a láre ní 1971 pé òfin tí ó dè é mọ́lẹ̀ kò tọ́.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ààlà owó. Ní 1990, àwọn alákòóso ìdíje ní Sydney fi ààlà sí àpapọ̀ owó tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè san fún àwọn eléré rẹ̀ lọ́dún. Wọ́n tún ṣe òfin mìíràn tí ó fẹ́ máa pín àwọn eléré fún ẹgbẹ́ bí ẹni pín iṣu. Àwọn eléré gbé èyí lọ sí kóòtù, ó sì wó ní 1991. Ààlà owó ni ó kù. Ní 2023 ó lé ní mílíọ̀nù 12 dọ́là Ọsirélíà fún ẹgbẹ́ kan nínú ìdíje NRL. Nínú Super League ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 2 pọ́n-ùn.

N kò ní purọ́ mọ́ òfin náà. Bí kò bá sí ààlà, ẹgbẹ́ olówó á ra gbogbo alágbára tán, ìdíje á sì kú. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ń bí. Bí ìkòkò ọbẹ̀ kò bá lè tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹran tí a fi kún abọ́ ẹnì kan, inú abọ́ ẹlòmíràn ni a ti yọ ọ́. Òṣìṣẹ́ á wá máa bá òṣìṣẹ́ du ẹran.

Ọ̀gá náà ní ìṣòro tirẹ̀. Kò lè fi owó púpọ̀ borí ẹnikẹ́ni mọ́, nítorí náà ó ní láti mọ ọjà rà. Ó ní láti rí ọjà tí iye rẹ̀ ju owó tí wọ́n dá lé e lọ. Ibí ni ìwé ìṣirò ti wọlé.

Wọ́n ń fi ẹ̀rọ kékeré kan sí ẹ̀yìn aṣọ eléré, láàárín èjìká méjèèjì. Láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì ni ẹ̀rọ yìí ti ń mọ iye mítà tí ó sá, bí ó ṣe yára tó, àti ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Àwọn mìíràn jókòó ti fíìmù eré, wọ́n ń ka iye ènìyàn tí ó gbé ṣánlẹ̀, iye tí ó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, iye ìgbà tí bọ́ọ̀lù jábọ́, iye mítà tí ó tún wọ́ ara rẹ̀ lọ lẹ́yìn tí wọ́n ti dì mọ́ ọn. Gbogbo rẹ̀ ń wọ kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà, wọn á gbé e sí ẹ̀gbẹ́ owó tí ó ń béèrè.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ yé ara wa. Ká ní olókìkí kan ń béèrè 800,000 dọ́là lọ́dún. Ká ní ẹlòmíràn wà tí ẹnikẹ́ni kì í pe orúkọ rẹ̀ lórí rédíò, tí ó ń gbé ènìyàn 35 ṣánlẹ̀ nínú eré kan, tí ẹyọ kan péré sì ń bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. 200,000 ni tirẹ̀. Oníṣirò á ní kí ọ̀gá ra irú ẹni kejì yìí mẹ́rin.

Oore wà nínú èyí. Nọ́ńbà kì í béèrè pé ọmọ ta ni ọ́, tàbí ta ni ó mú ọ wá. Ọmọ tí kò ní alágbàwí lè di ẹni tí a rí. Ṣùgbọ́n ẹ fi etí sílẹ̀: nítorí pé ó pọ́ọ́kú ni wọ́n fi rí i. Ní ọjọ́ tí ó bá béèrè owó tí ó tọ́ sí i, kọ̀ǹpútà náà á wá ọmọ mìíràn tí owó rẹ̀ kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wo Penrith, ní ìwọ̀ oòrùn Sydney. Wọ́n tọ́ àwọn ọmọ àdúgbò dàgbà, wọ́n sì gba ife ní 2021, 2022, 2023 àti 2024, mẹ́rin léra wọn. Síbẹ̀, bí wọ́n ti ń gba ife ni ènìyàn wọn ń lọ. Kikau àti Koroisau lọ lẹ́yìn sáà 2022, Crichton lẹ́yìn 2023, Luai lẹ́yìn 2024. Iṣẹ́ wọn dára tó bẹ́ẹ̀ tí ààlà owó kò fi lè gba gbogbo wọn mọ́.

Ohun kan sì wà tí nọ́ńbà kì í rí dáadáa. Eléré kan lè sáré dí àlàfo tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi sílẹ̀, kí àwọn tí ń bọ̀ rí i níbẹ̀, kí wọ́n yà sí ibòmíràn. Kò gbé ẹnikẹ́ni ṣánlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó ti gba ilé là. Ohun tí wọ́n bá yàn láti kà nìkan ni ó ń wọ ìwé.

Ìwé náà sì lè purọ́ bí ẹni tí ń kọ ọ́ bá jẹ́ òpùrọ́. Ní 2010, wọ́n tú àṣírí Melbourne Storm pé àwọn ará ọ́fíìsì wọn ní ìwé owó méjì, ọ̀kan fún àwọn alákòóso, ọ̀kan ní ìpamọ́. Wọ́n gba ife 2007 àti 2009 lọ́wọ́ wọn. Àwọn eléré sì gbá ìyókù sáà náà láìsí máàkì kankan, bí wọ́n tilẹ̀ borí. Ọ́fíìsì ni ó kọ ìwé, pápá ni ó jìyà.

Kí ni àwọn eléré ṣe? Wọ́n ní yúníọ̀n, Rugby League Players' Association. Ní 2023, nígbà tí ọ̀rọ̀ àdéhùn tuntun kò yanjú, wọn kò bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀ mọ́ ní ọjọ́ eré, wọ́n sì fi téèpù bo àmì NRL lára aṣọ wọn. Àwọn olókìkí dúró ti àwọn tí owó wọn kéré. Ọkùnrin dúró ti obìnrin. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, àdéhùn dé, ó sì kan ọkùnrin àti obìnrin. Wọn kò fọ́ kọ̀ǹpútà kankan. Àdéhùn gbogbo wọn ni wọ́n bá wọn jà lé lórí, wọn kò jókòó du ẹran inú ìkòkò.

Ẹ̀yin ará, a mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ. Òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni tí yóò jẹ ẹ́ wà níbòòji. Ẹni tí ń wa ọkọ̀, wọ́n lè ka ìrìn rẹ̀. Ẹni tí ó wà nídìí ẹ̀rọ, wọ́n lè ka ohun tí ó ṣe ní wákàtí kan. Mo ní kí ẹ̀ka wa béèrè nǹkan mẹ́ta. Èkíní, kí òṣìṣẹ́ rí ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀, kí ó sì lè jiyàn rẹ̀. Èkejì, kí aṣojú wa wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń yan ohun tí wọn yóò kà. Ẹ̀kẹta, bí ìṣirò bá mú èrè wá, kí èrè náà dé orí owó oṣù, kí ó má jẹ́ pé ẹnì kan ni wọn yóò fi dín ti ẹnì kejì kù.

Bí wọ́n bá pe ẹnì kan wọ ọ́fíìsì láti fi nọ́ńbà bá a sọ̀rọ̀, kí ó má dá lọ. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.