Aráàlú àti Ẹni Tí Ó Dìbò Yàn: Bí Ọ̀rọ̀ Ṣe Lè Dé Ibi Tí Ó Yẹ

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ lónìí kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà ilé ẹnikẹ́ni. Ó dá lórí àwọn tí aráàlú dìbò yàn, àti bí aráàlú ṣe lè bá wọn sọ̀rọ̀ tí wọn yóò fi gbọ́, tí wọn yóò sì dáhùn.

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2024, ètò ìdìbò wáyé ní Ìpínlẹ̀ Kwara láti yan alága àti kánsẹ́lọ̀ sí ìjọba ìbílẹ̀ 16 àti wọ́ọ̀dù 193 tí ó wà ní ìpínlẹ̀ náà. Tàdáwà tí wọ́n ń fi sí olùdìbò ní ìka kì í pẹ́ púpọ̀ kí ó tó parẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà pé bí tàdáwà bá ti parẹ́, iṣẹ́ olùdìbò ti parí nìyẹn títí di ọdún ìdìbò mìíràn. Èrò yìí ni ó ń sọ aráàlú di ẹni tí ń kùn nínú ilé, tí ń kùn ní ìdí ayò, tí ń kùn nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n tí ohùn rẹ̀ kò dé ibi tí wọ́n ti ń pín owó ìlú.

Kí olúkúlùkù fi ojú inú wo abúlé kan ní ilẹ̀ Ìgbómìnà. Odò kékeré kan wà láàrin abúlé náà àti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àgbàrá òjò ti wó afárá tí ó wà lórí odò náà. Láti ìgbà tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ títí di oṣù Kẹwàá, èjìká ni àwọn bàbá fi ń gbé àwọn ọmọ kọjá. Ní ọjọ́ tí bàbá bá ti lọ sóko kí ilẹ̀ tó mọ́, ọmọ rẹ̀ yóò jókòó sílé, tàbí kí ó gbìyànjú láti dá odò náà kọjá fúnra rẹ̀. Àwọn ará abúlé rán àgbà méjì lọ sí ilé aṣòfin kan ní Ìlọrin. Wọ́n jókòó sí pálọ̀ láti àárọ̀ di ọ̀sán. Nígbà tí aṣòfin jáde, ó kí wọn tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ó béèrè àlàáfíà ìlú, ó sì fún wọn ní owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ. Wọ́n súre fún un, wọ́n padà sílé. Afárá náà wà bí ó ti wà. Kò sì sí ìwé kankan níbikíbi tí ó fi hàn pé abúlé náà béèrè ohunkóhun rí.

Àwọn àgbà wọ̀nyí kò hùwà àìtọ́ kankan. Ọ̀nà ni wọn kò mọ̀. Aṣòfin tí wọ́n tọ̀ lọ kọ́ ni ó ni iṣẹ́ afárá ojú ọ̀nà abúlé, ẹnu lásán ni wọ́n sì fi jẹ́ iṣẹ́ tí ìlú rán wọn. Èyí tí ó burú jù ni pé wọ́n fi ojú ẹni tí ń tọrọ wo ara wọn, aṣòfin náà sì fi ojú kan náà wò wọ́n. Ohun tí ó jẹ́ ẹ̀tọ́ gbogbo ìlú di ẹ̀bùn owó ọkọ̀ fún ènìyàn méjì.

Ta ni ó wá ni iṣẹ́ náà? Ìwé Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala keje, sọ pé ìjọba ìbílẹ̀ tí aráàlú dìbò yàn gbọ́dọ̀ wà. Àfikún kẹrin ìwé òfin náà sì ka iṣẹ́ wọn sílẹ̀: ọjà àti gáréèjì, ibi ìpẹran, itẹ́ òkú, ilé ìyàgbẹ́ gbogboògbò, kíkó ìdọ̀tí, ìforúkọsílẹ̀ ìbí, ikú àti ìgbéyàwó, pẹ̀lú ṣíṣe àti títún àwọn ojú ọ̀nà àti gọ́tà ṣe gẹ́gẹ́ bí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ bá ṣe là á sílẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ tún ń kópa nínú ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ètò ìlera. Bí ẹnikẹ́ni bá wo àkójọ yìí dáadáa, yóò rí i pé ohun tí ń dun mẹ̀kúnnù jù láti òwúrọ̀ di alẹ́ ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Síbẹ̀, orúkọ Ààrẹ àti ti gómìnà ni ó wà lẹ́nu ọmọdé àti àgbà. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó lè dárúkọ kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù rẹ̀ láìkọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò.

Kánsẹ́lọ̀ yìí ni aṣojú tí ó súnmọ́ ìlú jù lọ. Ó mọ odò náà, ó ṣeé ṣe kí ó ti mu nínú omi rẹ̀ rí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbé ọ̀rọ̀ wọ́ọ̀dù dé iwájú ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, láti ṣe òfin ìbílẹ̀, àti láti fọwọ́ sí ètò ìṣúná tàbí kí ó bèèrè ìdí tí ohun kan kò fi sí nínú rẹ̀. Kò sí àpò owó afárá lọ́wọ́ rẹ̀. Alága àti àwọn tí ó yàn láti bá a ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ náà. Ó tún yẹ kí ìlú mọ ìyàtọ̀ láàrin kánsẹ́lọ̀ tí wọ́ọ̀dù dìbò yàn àti kánsẹ́lọ̀ alábòójútó, ẹni tí alága yàn sípò láti máa bójú tó ẹ̀ka bíi iṣẹ́ òde tàbí ìlera. Wọ́ọ̀dù ni ó ni ti àkọ́kọ́. Abẹ́ àṣẹ alága ni èkejì wà. Ìwé tí ó bá lọ sọ́dọ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ̀dà rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ èkejì.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje, ọdún 2024, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Àbújá dájọ́ pé owó tí ó tọ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ láti inú àpò àpapọ̀ gbọ́dọ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà, àti pé gómìnà kò ní àṣẹ láti tú ìgbìmọ̀ tí aráàlú dìbò yàn ká. Ìdájọ́ náà kò fi òkúta kan lé òkúta lórí ní abúlé kankan. Ohun tí ó ṣe ni pé ó sọ ibi tí ìbéèrè yẹ kí ó máa lọ di mímọ̀ kedere.

Nígbà náà, kí ni abúlé yẹn ìbá ti ṣe? Kí wọ́n tó kọ lẹ́tà rárá, wọn ìbá kọ́kọ́ pe ìpàdé, kí wọ́n sì fẹnu kò sórí ohun kan ṣoṣo. Ìwé tí ó béèrè afárá, iná, kànga, ilé ìwòsàn àti iṣẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, inú dúrọ́ọ̀ ni í sùn, nítorí ẹni tí ó gbà á kò mọ èyí tí yóò dáhùn. Lẹ́yìn èyí ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú yóò mú gègé. Yóò kọ ibi tí afárá náà wà, ìgbà tí ó wó, iye ọmọ tí ń gba ibẹ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, àti ohun tí ìlú ti fi ọwọ́ ara wọn ṣe, bí wọ́n bá ti ṣe nǹkan. Iye ọmọ tí wọ́n kà ní tòótọ́ ni kí ó kọ. Bí wọ́n bá kà 43, kí ó má kọ ọgọ́rùn-ún, nítorí ẹni tí yóò wá wò ó yóò kà wọ́n pẹ̀lú. Fọ́tò tí wọ́n fi fóònù yà nígbà tí odò kún yóò sọ ohun tí ojú ìwé mẹ́ta kò lè sọ.

Èdè ìwé náà ṣe pàtàkì. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ burúkú ní í yọ ọfà lápó. Èyí kò túmọ̀ sí pé kí ìlú máa pọ́n ẹni tí ń gba owó oṣù wọn. Ìwé lè ní ọ̀wọ̀ kí ó sì le: kí ó sọ ohun tí wọ́n fẹ́, kí ó sì béèrè ọjọ́ tí ìdáhùn yóò dé. Bí ó bá jẹ́ Yorùbá ni ó rọ akọ̀wé lọ́rùn, kí ó kọ ọ́ ní Yorùbá, kí olùkọ́ kan sì bá wọn túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì fún fáìlì. Ẹni tí kò lè kọ orúkọ rẹ̀ yóò tẹ ìka. Ẹ̀dà méjì ni wọn yóò gbé lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀: ọ̀kan fún ọ́fíìsì, èkejì kí òṣìṣẹ́ tí ó gba ìwé lu òǹtẹ̀ sí i, kí ó kọ déètì sí i, kí ó sì dá a padà. Ẹ̀dà olóǹtẹ̀ yìí ni ẹ̀rí. Ìpè lórí fóònù àti àtẹ̀jíṣẹ́ orí WhatsApp dára fún ìránnilétí, ṣùgbọ́n fóònù a máa sọnù, kánsẹ́lọ̀ a sì máa pààrọ̀ nọ́ńbà, pàápàá jù lọ lẹ́yìn ìdìbò.

Bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan bá kọjá láìsí èsì, kí wọ́n padà lọ, kí wọ́n mú ẹ̀dà olóǹtẹ̀ dání, kí ènìyàn tí yóò lọ sì ju méjì lọ, kí ìyá ọmọ kan wà láàrin wọn. Ó lè jẹ́ pé ọ́fíìsì yóò sọ pé wọ́n ti ná owó sórí afárá náà. Irú èsì bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òpin. Òfin Òmìnira Ìròyìn ti ọdún 2011 fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ láti béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba láìsọ ìdí tí ó fi fẹ́ ẹ, ọjọ́ méje ni òfin sì fún ilé-iṣẹ́ náà láti fèsì. Ohun kan wà nínú òfin yìí tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé lè rán ẹlòmíràn láti béèrè fún òun. Bí ènìyàn bá sì fi ẹnu béèrè, òṣìṣẹ́ tí ó gbọ́ ọ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì fún un ní ẹ̀dà.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìtọrọ. Àwọn aṣojú ń kùn, ẹjọ́ wọn kò sì ṣàì ní òótọ́ nínú, pé láti ìdájí ni èrò ti ń dé ẹnu ọ̀nà wọn: owó ilé-ẹ̀kọ́, owó ilé ìwòsàn, ìkómọ, aṣọ ẹbí, òkú baba àna. Àìní ń bẹ ní ìlú, kò sí ẹni tí yóò fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n owó wo ni aṣojú fẹ́ fi ṣe gbogbo èyí? Owó oṣù rẹ̀ kò lè tó o. Ẹni tí ó sì gba ankárá àti àpò ìrẹsì lọ́wọ́ rẹ̀ ní Sátidé, ìtìjú kì í jẹ́ kí ó lè béèrè ìṣúná afárá lọ́wọ́ rẹ̀ ní Mọ́ńdè. Báyìí ni ẹnu ìlú ṣe ń di, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi agbára pa á dé.

Ní ti aṣòfin ìpínlẹ̀ àti ti àpapọ̀, òpópónà ńlá, òfin àti àbójútó iṣẹ́ ìjọba ni kí ìlú máa bá wọn sọ. Ìwé Òfin ní kí ilé aṣòfin kọ̀ọ̀kan jókòó fún ọjọ́ tí kò dín ní 181 lọ́dún. Aṣòfin tí ó bá pa ju ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ọjọ́ ìjókòó jẹ láìnídìí lè pàdánù ipò rẹ̀. Nítorí náà, ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè bóyá aṣojú wọn ń lọ síbi iṣẹ́. Bí ilé-iṣẹ́ ìjọba kan bá fìyà jẹ aráàlú, Àjọ tí ń gbọ́ Ẹ̀sùn Aráàlú, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1975, ní ọ́fíìsì ní àwọn ìpínlẹ̀, kì í sì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó mú ẹ̀sùn wá.

Òfin tún fàyè gba pípe aṣòfin padà sílé. Àwọn tí yóò bu ọwọ́ lu ìwé náà gbọ́dọ̀ ju ìdajì àwọn olùdìbò tí ó forúkọ sílẹ̀ ní ẹkùn náà lọ. Ní Ẹkùn Ìwọ̀-oòrùn Kogi ní ọdún 2018, níbi tí olùdìbò ti lé ní 351,000, nígbà tí àjọ INEC ní kí àwọn tí ó bu ọwọ́ lu ìwé jáde wá jẹ́rìí sí ìbuwọ́lù wọn, àwọn tí wọ́n rí jẹ́rìí sí kò tó 19,000. Ètò náà parí síbẹ̀. Orúkọ púpọ̀ lórí ìwé kì í ṣe agbára, bí àwọn tí ó ni orúkọ kò bá ní dìde nígbà tí wọ́n bá pè wọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún lẹ́tà afárá abúlé: 30 tí yóò tẹ̀lé ìwé náà dé ọ́fíìsì sàn ju 300 tí wọ́n kàn kọ orúkọ wọn sílẹ̀.

Bí kánsẹ́lọ̀ bá sì jẹ́ ìpè, tí ó wá wo odò náà, kí ìlú gbà á dáadáa, kí wọ́n fún un lómi mu, kí wọ́n sì mú un dé etí odò ní àkókò tí àwọn ọmọ ń ti ilé-ẹ̀kọ́ bọ̀. Kí akọ̀wé kọ ohun tí ó sọ àti ọjọ́ tí ó dá sílẹ̀, kí ó kà á sétígbọ̀ọ́ gbogbo ìjókòó kí wọ́n tó túká. Lẹ́yìn náà, kí ìwé àkọsílẹ̀ ọjọ́ náà, ẹ̀dà olóǹtẹ̀ àti àwọn fọ́tò wọ inú fáìlì kan ṣoṣo, kí fáìlì náà má ṣe wà ní ilé akọ̀wé nìkan, kí ẹ̀dà rẹ̀ wà ní ààfin, kí ẹni tí yóò gba ipò akọ̀wé lọ́jọ́ iwájú lè rí ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.