Iṣu Wo Ni Òyìnbó Ń Wí? Ọ̀rọ̀ Mẹ́ta Lórí Ìbejì Igbó-Ọrà

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta péré ni mo gbé wá síwájú yín lónìí: 'yam', 'twin' àti 'birth'. Kò sí ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí kò mọ̀ wọ́n. Ohun tó sì jẹ́ kí wọ́n máa ṣì wá lọ́nà gan-an nìyẹn. Bí ọ̀rọ̀ bá le, a ó ṣí ìwé atúmọ̀ èdè. Bí ó bá rọrùn, ta ló ń yẹ̀ ẹ́ wò? Bẹ́ẹ̀ àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí ni wọ́n fi ń ròyìn Igbó-Ọrà, ìlú ìbejì ní ilẹ̀ Ìbàràpá wa, fún gbogbo ayé, kò sì sí èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan nínú wọn.

'Yam' ni kí a kọ́kọ́ mú. Bí oníròyìn bá ti òkè òkun dé Igbó-Ọrà, ìbéèrè kan náà ló máa ń bi àwọn ìyá: kí ló ń fa ìbejì níhìn-ín? Èsì wọn kì í yàtọ̀: ọbẹ̀ ìlasa ni, ìyẹn ewé ilá, pẹ̀lú àmàlà. Oníròyìn á mú bírò rẹ̀, á kọ 'yam' sílẹ̀. Àmọ́ ẹ bá mi wo inú abọ́ náà dáadáa. Bí àmàlà ibẹ̀ bá dúdú, èlùbọ́ iṣu ni: iṣu tí wọ́n bẹ, tí wọ́n bọ̀ nínú omi gbígbóná, tí wọ́n sá títí ó fi gbẹ ganganran, kó tó dé ẹnu ẹ̀rọ. Bí ó bá funfun, láfún ni. Ẹ̀gẹ́ sì ni láfún, kò bá iṣu tan ní ìyá, kò bá a tan ní bàbá. Kò sí ará Ìbàràpá tí mo ní láti sọ fún bí a ṣe ń jẹ láfún tó. Nítorí náà, ní ọjọ́ mìíràn tí ìwé ìròyìn bá kọ ọ́ pé iṣu ni wọ́n jẹ, ẹ̀gẹ́ ni wọ́n jẹ, ewé ilá tí àwọn ìyá kọ́kọ́ dárúkọ á sì ti bọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé.

Ẹ jẹ́ kí a bá ọ̀rọ̀ náà kọjá òkun. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé láti inú èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, níbi tí 'nyam' ti jẹ mọ́ oúnjẹ jíjẹ, ni àwọn Potogí ti gbé e, kó tó di ti Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó dé Amẹ́ríkà, kò rí iṣu bá gbé. Orí ànàmọ́ ló bà lé. Ní àwọn ọdún 1930, àwọn àgbẹ̀ Louisiana ń ta irú ànàmọ́ kan tí inú rẹ̀ pọ́n bí pupa inú ẹyin, tó sì rọ̀. Kí ọjà tiwọn lè yàtọ̀ sí ànàmọ́ gbígbẹ ti àwọn ìpínlẹ̀ yòókù, wọ́n sọ ọ́ ní 'yam'. Orúkọ náà mọ́ ọn lára. Títí di òní, òfin ìjọba Amẹ́ríkà ni pé ẹni tó bá kọ 'yam' sára àpò ànàmọ́ gbọ́dọ̀ kọ 'sweet potato' mọ́ ọn. Ní New Zealand ẹ̀wẹ̀, 'yam' ni wọ́n ń pe oca, ohun ọ̀gbìn kékeré kan tó wá láti òkè Andes. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Houston àti Lọ́ńdọ̀nù ti mọ èyí. Bí wọ́n bá fẹ́ gún iyán, wọn kì í wá 'yam' lọ sí ṣọ́ọ̀bù òyìnbó, ṣọ́ọ̀bù ará Áfíríkà ni wọ́n ń lọ, wọ́n á sì béèrè iṣu Puna tó ti Gánà wá.

Ṣé ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ? Obìnrin ará Amẹ́ríkà tó bá kà á pé 'yam' ló ń mú ìbejì wá ní Igbó-Ọrà, ànàmọ́ ni yóò sáré lọ rà.

Èyí tó tún dùn mí ju ìyẹn lọ ni ti Mẹ́síkò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1940, onímọ̀ kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ Russell Marker rí èròjà kan tí wọ́n ń pè ní diosgenin nínú gbòǹgbò igbó kan níbẹ̀. Ó fi í ṣe progesterone, ìyẹn èròjà tí ara obìnrin fi ń gbé oyún dúró. Ẹbí iṣu ni gbòǹgbò náà, òyìnbó sì ń pe òun náà ní 'yam', ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń sè jẹ. Ohun kan sì tún wà níbẹ̀: ilé iṣẹ́ kẹ́míkà ló lè sọ diosgenin di progesterone, ara ènìyàn kò lè dá a ṣe. Àwọn kan gbọ́ ìdajì ìtàn yìí, wọ́n gbọ́ ìdajì ti Igbó-Ọrà, wọ́n so méjèèjì pọ̀ nítorí pé orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́. Bí ó ṣe di ohun tí à ń kà kiri nìyẹn pé èròjà oyún wà nínú iṣu wa, òun ló sì ń fa ìbejì. Títí di bí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí, kò sí ìwádìí tó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé iṣu ló ń fà á.

N kò ní pẹ́ lórí 'twin'. Ìbejì méjì ló wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Ẹyin kan ṣoṣo ló pín sí méjì fún àwọn tó jọra bí ìmumu. Ẹyin méjì ló sọ nínú oṣù kan náà fún àwọn yòókù. Ti àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba káàkiri ayé, nǹkan bí 4 nínú ìkúnlẹ̀ abiyamọ 1,000. Ti ẹlẹ́yin méjì ló sọ Igbó-Ọrà di ìlú tí ayé mọ̀. Dókítà Nylander ti Yunifásítì Ìbàdàn, tó ṣe ìwádìí lórí ìbejì ilẹ̀ Yorùbá ní àwọn ọdún 1960 àti 1970, yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ìyá ìbejì wò, ó sì rí i pé èròjà tó ń mú ẹyin obìnrin gbó pọ̀ lára wọn ju ti àwọn ìyá mìíràn lọ. Ẹni tó bá wá ń béèrè ohun tó fa ìbejì, ti ẹlẹ́yin méjì ni kó máa béèrè.

Ó ku 'birth'. Ìwé ìròyìn máa ń kọ ọ́ pé ìbejì Igbó-Ọrà jẹ́ 45 sí 50 nínú 'births' 1,000. 'Birth' lè jẹ́ ọmọ tí a bí. Ó sì lè jẹ́ ìkúnlẹ̀ abiyamọ. Ìkúnlẹ̀ ni Nylander kà. Bí obìnrin 1,000 bá kúnlẹ̀, tí 45 nínú wọn bí ìbejì, ọmọ 1,045 ni a ó gbé jọ̀jọ̀, 90 nínú wọn sì jẹ́ ìbejì. Nínú ọmọ méjìlá, ẹ máa rí Táyé tàbí Kẹ́hìndé kan. Àmọ́ ẹni tó bá ka 'birth' sí ọmọ, ọmọ 45 péré ni yóò rí nínú 1,000, ó sì ti gé ìbejì wa sí ìdajì láìmọ̀. Mo ti rí i nínú iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, kì í ṣe ti ọmọdé.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má kàn ka ìtumọ̀ àkọ́kọ́ nínú ìwé atúmọ̀ èdè kí ẹ sì pa á dé. Ẹ wo ìlú tí ẹni tó kọ̀wé ti wá, ẹ wo ohun tó ń kà, ẹ sì wo ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń ṣe ìwé ètò Ọdún Ìbejì tó bẹ̀rẹ̀ ní Igbó-Ọrà ní 2018, ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀ yín: níbi tí ẹ bá ti kọ 'yam', ẹ kọ Dioscorea rotundata, orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pe iṣu funfun wa, mọ́ ọn, ẹ fi láfún sí àyè ara rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ pé ẹ̀gẹ́ ni, níbi tí òǹkà bá sì wà, ẹ kọ 'deliveries' dípò 'births'. Àlejò ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, ìwé náà ni wọ́n máa mú lọ sílé.