Alẹ́ Òṣogbo àti Alẹ́ Àbẹ̀rẹ̀
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní Ìpàdé Ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìlọsíwájú)

Ẹ ní kí àwa tí a ti ìdálẹ̀ dé sọ ohun tí a rí. Ohun tí a rí lálẹ́ ni a ó sọ.

Ní ọ̀sán, Àbẹ̀rẹ̀ kún fọ́fọ́. Ilé iṣẹ́ ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ìpínlẹ̀ tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1991, wà lọ́dọ̀ wa. Ọkọ̀ kò níye, akọ̀wé kò lóǹkà. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ ti parí, àwọn kan gba Òṣogbo lọ, àwọn mìíràn gba Ẹdẹ, ìlú sì dákẹ́ rọ́rọ́. Ìyá alákàrà kan ni a bá lẹ́bàá títì pẹ̀lú fìtílà rẹ̀, àti ọ̀dọ́ mẹ́ta. A bi àwọn ọ̀dọ́ náà pé níbo ni wọ́n ń gbà ṣe fàájì. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin bàbá wa, Òṣogbo ni." Ìyá náà ní, "Bí wọ́n bá ti gun ọ̀kadà lọ, èmi náà á di ẹrù mi." Ọ̀rọ̀ yìí dùn wá.

Àwọn kan rò pé alẹ́ ìlú kò ju ọtí àti ariwo lọ. Ìtàn Òṣogbo kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1961, Dúró Ládípọ̀ gbé ìlù wọ inú orin Àjíǹde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn àgbà ìjọ kò gbà á. Ó ní ilé ọtí kan tí ń jẹ́ Popular Bar. Pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Ulli Beier, ó sọ ilé náà di ilé eré àti ilé ọnà ní ọdún 1962. Wọ́n yá orúkọ Mbari, tí í ṣe ọ̀rọ̀ Ìgbò, lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tí ó wà ní Ìbàdàn. Etí ará Òṣogbo gbọ́ ọ ní tiwọn: bí mo bá rí i, mbá yọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó di Mbárí Mbáyọ̀.

Níbẹ̀ ni Ọba Mọ́rọ̀ ti jáde ní ọdún 1962, tí Ọba Kò So sì tẹ̀lé e ní 1963. Ní ọdún 1964, Ọba Kò So dé Berlin ní Jámánì. Ní ọdún kan náà, ọ̀dọ́ kan tí ń jó fún olóògùn káàkiri wá jó níbi àríyá kan ní Mbárí Mbáyọ̀. Wọn kò jẹ́ kí ó lọ. Twins Seven Seven ni. Ó di ayàwòrán tí ayé mọ̀, àjọ UNESCO sì bu ọlá fún un ní ọdún 2005. Bí wọ́n bá ti tilẹ̀kùn ilé yẹn nírọ̀lẹ́, ta ni ì bá mọ̀ ọ́n?

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀nà jíjìn pẹ̀lú. Ní Fukuoka, ìlú kan tí ó jìnnà sí olú-ìlú ilẹ̀ Japan, àwọn olóúnjẹ a máa gbé ìsọ̀ wọn kalẹ̀ lẹ́bàá títì bí ilẹ̀ bá ṣú. Àlejò díẹ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà. Ẹni tí kò mọra rí a máa jẹun pọ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á ti ká gbogbo rẹ̀ kúrò. Nígbà tí iye wọn ń dínkù, ìlú náà ṣe òfin ní ọdún 2013 láti fún wọn ní àyè àti ìlànà.

A kò bẹ̀ yín pé kí ẹ kọ́ ilé ọtí. Ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta ni tiwa: iná sójú títì, àyè tí ó mọ́ fún àwọn ìyá olóúnjẹ, kí a sì máa ṣí gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ ní alẹ́ kan lọ́sẹ̀ fún ìlù, eré àti ayò. Àwọn àgbà kan ń bẹ̀rù olè àti ìwàkiwà. Ìbẹ̀rù yín kì í ṣe lásán. Nítorí náà, kí kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn wà lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n òkùnkùn ni olè fẹ́ràn, ọmọ tí kò sì rí ibi ṣeré nílé ni títì alẹ́ ń gbé lọ.

Àwa tí a wà lẹ́yìn odi yóò san owó iná ọdún àkọ́kọ́. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Kí Àbẹ̀rẹ̀ má ṣe jẹ́ ìlú ọ̀sán nìkan. Àṣẹ.