Ta Ló Ni Ọnà Tí Ẹ̀rọ Ń Fín?

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi àpérò ọdún ìbílẹ̀ ẹgbẹ́ wa

   

Àwọn tó ṣètò àpérò yìí ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ibi tí a ti ń rí àwòrán tí à ń fi ẹ̀rọ lésà fín sára igi, àti bí a ṣe lè lò ó láìrẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹun nìyẹn, n kò sì ní dá yín dúró pẹ́. Pátákó ìdánilọ́lá tí a fún àwọn àlejò wa láàárọ̀ yìí, ẹ̀rọ ló fín in. Ìdè kọ́kọ́rọ́, àwo igi àti igbá kéékèèké tí wọ́n ń tà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀rọ ló fín púpọ̀ nínú wọn. Ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ló sì wà lára èyí tó pọ̀ jù. Ẹ bi ẹni tó ń tà á pé ta ló gbẹ́ ère náà, kò mọ̀. Ohun tó gbé mi dìde nìyẹn.

Kí n kọ́kọ́ gbèjà ẹ̀rọ ná. Àwọn kan ń sọ pé lésà ló fẹ́ pa iṣẹ́ agbẹ́gilére. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Fífín kì í ṣe àjèjì sí wa: àwọn bàbá wa fín igbá, wọ́n fín ọpọ́n Ifá, wọ́n fín ilẹ̀kùn. Lésà jẹ́ ìmọ́lẹ̀ tí a kó jọ sójú kan títí ó fi gbóná débi tó ń jó ojú igi. Kò mọ̀ ju ohun tí a bá fún un lọ. Bí a bá fún un ní fọ́tò, yóò máa lọ, yóò máa bọ̀ bí ọ̀kọ̀ lọ́wọ́ ahunṣọ, yóò máa fi iná tọ́ igi wò ní ìlà-ìlà. Bí a bá fún un ní àwòrán tí a fi ìlà yà, yóò tọ ìlà náà, yóò sì gé igi já. Kí fọ́tò tó di ìlà, ẹnì kan ní láti jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kó tún un yà. Inkscape ni èmi ń lò, a kì í san owó fún un. Síbẹ̀ ère kan ṣoṣo lè gba odidi ọjọ́ kan lọ́wọ́ mi. Ibẹ̀ ni ìdánwò ti ń wọlé. Kí ni mo fẹ́ jókòó yà sí, nígbà tí èyí tí ẹlòmíràn ti yà tán wà lọ bẹẹrẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì?

Ẹ̀yin ọmọṣẹ́, kí n má baà gbàgbé: ẹ má ṣe fi ike PVC sábẹ́ lésà láéláé. Èéfín rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ó sì ń jẹ irin ẹ̀rọ. Ó tán, ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀ wa.

Oníbàárà kan gbé fóònù rẹ̀ fún mi lọ́jọ́ kan, ó ní kí n fín ère tó wà nínú fọ́tò kan sára pátákó igba. Mo bi í pé níbo ló ti rí i. Ó ní, “Orí Google.” Google kọ́ ló ni í. Bí ẹni tí a bi ní ọ̀nà ọjà, tó sì na ọwọ́ síbẹ̀, ni Google rí. Ẹni tó júwe ọjà kọ́ ló ni ẹrù inú rẹ̀. Pinterest náà kò yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ọwọ́ ẹni mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Ti agbẹ́gilére ló ṣáájú. Òun ló yan igi, òun ló ronú bí gèlè yóò ṣe wé, òun ló pinnu pé ejò àti ẹyẹ ni yóò wà lókè tàbí pé ọkùnrin orí alùpùpù ni. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹni tó ya fọ́tò, tó yan ibi tí yóò dúró sí àti ìgbà tí oòrùn dára. Ẹnì kẹta ni ilé tàbí ẹgbẹ́ tó ní kí wọ́n gbẹ́ ère náà, tí wọ́n sanwó rẹ̀, tí wọ́n ń kùn ún lọ́dọọdún, tí wọ́n sì ń gbé e jó. Òfin ìjọba mọ ẹni àkọ́kọ́ àti ẹnì kejì dáadáa. Ẹnì kẹta, àwa fúnra wa la mọ̀ ọ́n.

Ohun tó máa ń ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu ni pé ẹni tó ra ère kò tíì ra ẹ̀tọ́ láti máa ṣe ẹ̀dà rẹ̀ tà. Igi ló rà. Bàbá kan lè ní ère ńlá nílé rẹ̀ fún ogún ọdún, kó máa fi í ṣe ọ̀ṣọ́, kó tà á, kó fi tọrẹ. Ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ kí ẹ̀rọ fín ọnà ère náà sára ẹgbẹ̀rún ìdè kọ́kọ́rọ́, ọ̀dọ̀ agbẹ́gilére ni yóò padà sí. Bí agbẹ́gilére bá sì ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ni yóò bá sọ ọ́.

Kí n mú àpẹẹrẹ kan tó sún mọ́ wa. Pierre Verger, ará Faransé tí a mọ̀ sí Fátúmbí, Kétu ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ nífá ní àwọn ọdún 1950. Ó ya fọ́tò rẹpẹtẹ ní Dàhòmì ìgbà náà àti ní Bahia. Ó kú ní Salvador ní 1996. Fundação Pierre Verger, tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1988, ló ń tọ́jú àwọn fọ́tò náà. Mo ti gbọ́ tí àwọn ọmọ wa ń wí pé, “Bàbá bàbá mi ló wà nínú fọ́tò yìí, ta ni yóò ní kí n má lò ó?” Ọ̀rọ̀ náà ń dunni, èmi náà mọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ kí ará Salvador tàbí ará Paris bọ̀wọ̀ fún ọwọ́ agbẹ́gilére tiwa, a kò lè máa fojú di ọwọ́ ẹlòmíràn. Ẹ jẹ́ ká kọ lẹ́tà sí wọn. Ẹgbẹ́ tó fẹ́ fi ojú àwọn bàbá rẹ̀ sára pátákó ọdún rẹ̀ ní ẹjọ́ rere láti rò, bí ó bá sì yẹ kí á gba ẹ̀dínwó, ibẹ̀ la ó ti béèrè.

Òfin wá ńkọ́? Ní ilẹ̀ Benin, òfin 2005-30 tó jáde ní 2006 ló ń dáàbò bo iṣẹ́ ọnà, BUBEDRA tó wà ní Kútọnu ló sì ń mójú tó o. Láti ìgbà tí oníṣẹ́ bá ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Kò dìgbà tó bá lọ forúkọ sílẹ̀. Ẹ̀tọ́ náà wà níwọ̀n ìgbà tó bá wà láyé, ó sì tún wà fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Nítorí náà, “ó ti pẹ́” kì í ṣe ìdáhùn. Ọdún ikú oníṣẹ́ ni kí ẹ béèrè. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ kú ní 1938, àádọ́rin ọdún rẹ̀ sì pé ní 2008. Lámidi Fákẹ́yẹ kú ní ìparí 2009, tirẹ̀ di 2079. Romuald Hazoumè, tí wọ́n bí ní Àjàṣẹ́ ní 1962, tó ń fi kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróò ṣe ère ojú, wà láàyè láàárín wa. Ẹni tó bá fẹ́ yà iṣẹ́ rẹ̀ sára igi, kí ó lọ bá a.

Kódà nígbà tí ọdún bá pé, ẹni tó ń ṣòwò ní ilẹ̀ wa kò gbọdọ̀ rò pé ó ti di ọ̀fẹ́. Àdéhùn Bangui tí a tún ṣe ní 1999, tí Benin àti Togo wà nínú rẹ̀, sọ nígbà náà pé ẹni tó bá ń fi ọnà ìbílẹ̀ tàbí iṣẹ́ tí ọjọ́ ààbò rẹ̀ ti parí ṣòwò yóò san nǹkan fún irú ilé iṣẹ́ tí BUBEDRA jẹ́. Ẹ lọ bá wọn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá, kí ẹ béèrè iye tó jẹ́ àti ìwé tí wọn yóò fún yín. Mo tún máa ń gbọ́ pé níwọ̀n ìgbà tí UNESCO ti kọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sílẹ̀, ó ti di ti gbogbo ayé. Lóòótọ́, wọ́n kéde rẹ̀ ní 2001, wọ́n sì fi í sínú ìwé àkójọ wọn ní 2008, fún Benin, Nàìjíríà àti Togo pọ̀. Ọlá ni. Kò gba ère lọ́wọ́ ẹni tó gbẹ́ ẹ.

Ẹni tó ń wá àwòrán tí ó lè lò láìbẹ̀rù yóò rí. Ilé ọnà Metropolitan ní New York ṣí àwòrán àwọn iṣẹ́ tí ẹ̀tọ́ wọn ti parí sílẹ̀ ní 2017. Smithsonian ní Washington ṣe irú rẹ̀ ní 2020, ó lé ní mílíọ̀nù méjì àwòrán. Iṣẹ́ ọwọ́ Yorùbá wà nínú àwọn méjèèjì. Ẹ wá àmì CC0 lábẹ́ àwòrán. Àmì yẹn ló sọ pé ilé ọnà náà kò dá yín lọ́wọ́ kọ́. Bí kò bá sí lábẹ́ rẹ̀, ẹ má gbà pé ó wà. Àwọn àmì mìíràn wà tó jọ ọ́: CC BY ní kí ẹ dárúkọ ẹni tó ṣe é. Èyí tó bá ní NC, ẹ kò lè fi í ṣe ohun tí ẹ ó tà. Èyí tó bá ní ND ni ó máa ń tan àwọn oníṣẹ́ lésà jẹ jù, nítorí ó ní kí ẹ má yí àwòrán náà padà kí ẹ tó pín in fún ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀, sísọ fọ́tò di ìlà, yíyí padà ni. Kí ẹ tẹ ojú ewé tí ẹ ti rí i jáde, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ fi pamọ́. Ojú ewé orí íntánẹ́ẹ̀tì lè yí padà lóru ọjọ́ kan.

Ṣùgbọ́n àmì CC0 kò mọ ohun tí ilé mọ̀. Ère tó wà nínú gíláàsì ní òkè òkun, ó lè jẹ́ èyí tí kì í jáde lọ́sàn-án níbí. Ẹni tó fi í sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ kò bi ìyálàṣẹ kankan. Èrò tèmi ni pé kí a máa bi àwọn ìyá wa kí a tó fín irú ère bẹ́ẹ̀ sára ohun tí ènìyàn yóò máa ki bọ àpò ṣòkòtò. Bí wọ́n bá ní kò yẹ, ó parí. Ọnà tó kù pọ̀ ju èyí tí ẹ̀rọ mi lè fín tán láyé mi. Bí kò bá sì sí orúkọ agbẹ́gilére lábẹ́ ère, kí a ṣáà kọ orúkọ ìlú tí wọ́n ti gbé e. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kó ère wa lọ kò béèrè orúkọ. William Bascom jókòó ti Duga ní Mẹ̀kọ, tó jẹ́ ilẹ̀ Kétu kí ààlà òyìnbó tó gé e sí ọ̀hún, ó sì kọ nípa ọwọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń dárúkọ Duga lónìí.

Ìbéèrè mi sí ẹgbẹ́ nìyí. Kí a ṣí ìwé ọnà kan. Agbẹ́gilére tàbí afíngbá tó bá fẹ́ yóò mú iṣẹ́ wá, a ó ya fọ́tò rẹ̀, èmi àti àwọn ọmọṣẹ́ mi yóò sọ ọ́ di ìlà láìgba owó lọ́dún àkọ́kọ́. A ó kọ orúkọ rẹ̀, ìlú rẹ̀, ohun tó gbà kí á fín ọnà náà sí àti ohun tí kò gbà, iye ẹ̀dà, àti iye tí yóò máa gbà. Ká ní a fín ọnà kan sára pátákó 200, tí a ta ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 2,500 fáránkì. 500,000 nìyẹn. Bí a bá fún oníṣẹ́ ní ìdá kan nínú mẹ́wàá, 50,000 fáránkì ló kàn án, láìtún gbé àáké sókè. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ju odo tó ń gbà lónìí lọ. Orúkọ rẹ̀ yóò sì wà lẹ́yìn pátákó kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn kò ná ẹ̀rọ ní nǹkan kan tó ṣeé kà.

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ kọ́múùnù, ẹ̀yin lẹ ń ra pátákó àti ẹ̀bùn àlejò jù ní ìlú yìí. Nínú ìwé tí ẹ fi ń pàṣẹ iṣẹ́, mo bẹ̀ yín, ẹ fi ìlà kan kún un: ibi tí ọnà ti wá, àti orúkọ ẹni tó ni ín. Oníṣẹ́ tí kò bá lè kọ nǹkan kan síbẹ̀, kí ẹ má san owó rẹ̀ títí yóò fi rí i kọ.

Ìwé náà ti wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́, lábẹ́ àgọ́ kejì. Ẹ̀yin agbẹ́gilére tí ẹ wà níbí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ rí i kí ijó ìrọ̀lẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọ, ọmọ kan wà níbẹ̀ tí yóò bá a kọ ọ́.